Àwọn Tí Ọmọdé Ń Tẹ̀ Lé

Sátidé, 14 Okúdù

Òjò ò jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Páànù gbọ̀ngàn tún ti ń jò lápá ibi tí àwọn ọmọ kéékèèké máa ń jókòó, a sì kó gbogbo wọn jọ sí igun kan bí ẹyin adìyẹ. Síbẹ̀, òní dùn mọ́ mi. A dìbò yan olórí tí yóò kó Ẹgbẹ́ Ohùn Èwe lọ síbi ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ ní Ẹ̀pẹ́ ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, Salman ló sì wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó ti hàn sí mi tẹ́lẹ̀ pé òun ni wọn yóò mú.

Kí a tó dìbò, Kabir àti Agnes ń jà lórí àga kan. Mo ti fẹ́ dìde, Tòkunbọ̀ tí a jọ ń ṣe tíṣà fọwọ́ kàn mí pé kí n fi wọ́n sílẹ̀. Salman lọ bá wọn. Kò pariwo. Ó ní, "Kabir, sọ ohun tó ń dun Agnes fún mi. Agnes, ìwọ náà, sọ ohun tó ń dun Kabir." Àwọn méjèèjì ń wá ọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, ẹ̀rín ti pa wọ́n. Ohun tí mo ti ń kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún nìyẹn: gbọ́ ti ẹnìkejì kí o tó sọ tìrẹ, pe ènìyàn lórúkọ rẹ̀, bi í léèrè kí o tó pàṣẹ fún un.

Mọ́fẹ́yìsára, ọmọ àwọn Ìlàjẹ tó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti abúlé wọn, sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ilẹ̀ ló dojú kọ títí tó fi parí. Ó ṣáà sọ ọ́.

Àtàláátà, 17 Okúdù

Ìyá Salman rí mi ní ibùdókọ̀ Benson, ní Ìkòròdú níbí, lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ. Kò jẹ́ kí n kí i tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.

"Àǹtí Wàsíla, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Bàtà yẹn wù ú débi pé díẹ̀ ló kù kó wọ̀ ọ́ sùn."

"Bàtà wo, mà?"

"Èyí tí ẹgbẹ́ rà fún un torí pé ó di olórí."

Mo sọ fún un pé ẹgbẹ́ ò ra bàtà fún ẹnikẹ́ni. Páànù tó ń jò sí wa lórí gan-an, a ò tíì rí nǹkan fi tún un ṣe. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ká aṣọ tó ń rán, ó tún tú u, ó tún ká a. "Ta ló wá rà á fún un?" Mo ní kó bi ọmọ rẹ̀. Ó ní òun á bi í, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ìdáhùn ló ń bà á lẹ́rù.

Sátidé, 21 Okúdù

Àwọn ọmọkùnrin kan ò wá. Salman wá, àmọ́ ọ̀dọ̀ ògiri lẹ́yìn ló lọ jókòó sí.

Mo ní kí oníkálukú sọ ohun kan tó ń bà á lẹ́rù, kó sì sọ ọ́ kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́. Agnes ní ajá. Ẹnì kan ní ìyá òun, nígbà tó bá dákẹ́ jù. A rẹ́rìn-ín. Ó wá kan Mujeeb, àbúrò Salman, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó dìde, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"A ò gbọdọ̀ sọ ọ́," ó wí, ó sì jókòó.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn. Kabir ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ta ló ní ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́?" Òjò ń lu páànù.

Àlàrùbá, 25 Okúdù

Ìbọn dún lọ́sàn-án gangan lẹ́yìn ọjà. Kí n tó la ẹnu, àwọn ọmọ kíláàsì mi ti wà lábẹ́ àga. Mi ò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Jímọ̀, 27 Okúdù

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ sí Ìpakodò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, láti bá bàbá Mọ́fẹ́yìsára sọ̀rọ̀. Ó ń já ẹja kúrò nínú ọkọ̀ nígbà tí mo dé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá wa lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó ní, "Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ nílé, kí ló fẹ́ lọ bá àwọn ará Ẹ̀pẹ́ sọ?" Ṣùgbọ́n ó gbà. Ó tún bu ẹja fún mi.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ògiri ilé tí wọn ò kọ́ parí létí ọ̀sà. Ohùn tó tutù, tó dùn ún gbọ́.

"Mi ò ní pàṣẹ fún yín. Mo kàn ń bi yín ni. Kabir, kí lo rò? Ó dáa, mo ti gbọ́ ẹ. Mujeeb, ìwọ ńkọ́? Má wo ojú ẹnikẹ́ni, tìẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ẹni náà á dúró kí wọ́n dáhùn. Bí ọmọ kan bá ti dáhùn, á tún ọ̀rọ̀ ọmọ náà sọ, kó lè mọ̀ pé òun gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn. Bí mo ṣe máa ń dákẹ́ gan-an nìyẹn, kí ọmọ tó ń tijú lè ráyè.

Mo yọjú wò ó. Jẹ̀lílì ni. Òun ni olórí ẹgbẹ́ wa lọ́dún tí a gba ipò kìn-ín-ní, kí bàbá rẹ̀ tó kú, kó tó pa ilé ìwé tì. Ó ti ga, ó ti di géńdé. Nígbà tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ tòun ti aṣọ funfun.

"Àǹtí mi. Ẹ káàsán, mà."

"Jẹ̀lílì, kí lò ń fi àwọn ọmọ yìí ṣe?"

"Ohun tẹ́ ẹ fi èmi náà ṣe ni, mà." Ó dìde, kò tilẹ̀ gbọn ẹrẹ̀ kúrò láyà. "Ẹ ti tọ́ Salman yẹn dáadáa. Àwọn tí ọmọdé ń tẹ̀ lé ò wọ́pọ̀. Àwọn ọ̀gá mi fẹ́ràn irú wọn."

Kò gbóhùn sókè sọ ọ́. Bí ẹni ń yìn mí ló ṣe sọ ọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

Mo ní kí Kabir àti Mujeeb bọ́ síwájú ká máa lọ. Ojú Jẹ̀lílì ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ìgbà tó mi orí ni wọ́n tó tẹ̀ lé mi.

Sátidé, 28 Okúdù

Àwọn tó wá kò tó ìdajì. Ìyá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà títí a fi parí, kò jókòó, ó di báàgì ọmọ rẹ̀ mú.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Tòkunbọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Wàsíla, ẹ jẹ́ ká ti ẹgbẹ́ yìí pa ná títí nǹkan á fi rọlẹ̀."

"Tí a bá tì í, ibo ni wọ́n máa wà lọ́jọ́ Sátidé?"

"Ilé."

"Ilé ta?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àga. Mi ò lè bínú sí i. Ọmọ Ìkòròdú ni, ibí ni ìyá rẹ̀ àti gbogbo àbúrò rẹ̀ wà. Èmi ayálégbé, bí ó bá le, mo lè di ẹrù mi padà sí Ìwó. Òun ò ní ibi tó máa lọ.

Gààrí ti wálẹ̀ díẹ̀. Owó ọkọ̀ sí Ẹ̀pẹ́ tún ti lé sí i.

Àlàmísì, 3 Agẹmọ

Salman wá bá mi ní kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, mo sì dákẹ́ fún un.

"Wọn ò ní kí n bá ẹnikẹ́ni jà, mà. Wọ́n ní kí n ṣáà máa bá wọn sọ̀rọ̀. Pé tí mo bá ti sọ ọ́, wọ́n á wá."

"Àwọn wo?"

"Kabir. Àti àwọn tí ò wá sẹ́gbẹ́ mọ́. Bọ̀dá Jẹ̀lílì ní kí n kó wọn wá sétí ọ̀sà ní Jímọ̀ tó ṣáájú Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa gbà wá wọlé."

"Tí o kò bá kó wọn wá ńkọ́?"

Ó wo ojú fèrèsé. "Wọ́n ní Mujeeb mọ ọ̀nà ilé ìwé ẹ̀, àwọn náà sì mọ̀ ọ́n."

Mo bi í pé kí ni òun fẹ́ ṣe. Ó yíjú sí mi, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bi mí mọ́. Gbogbo èèyàn ló ń bi mí. Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi."

Mo fà á mọ́ra. Mo ní, "A máa lọ sọ fún màmá ẹ. Èmi àti ìwọ. Nísinsìnyí."

Ó bọ́ bàtà náà, ó gbé e sórí tábìlì mi, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi bá mi rìn dé Benson.

Jímọ̀, 4 Agẹmọ

Ìyá rẹ̀ ò sunkún lánàá. Ó pa ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi Bùsàrí wà ní Ẹ̀pẹ́, ó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọmọ mi méjèèjì á lọ bá a." Ó ti ń ká aṣọ wọn nígbà tí Salman ní òun ò lọ.

"Tí mo bá lọ, wọ́n á ní kí Kabir máa kó wọn. Màmá, èmi ni mo kọ́kọ́ mú Kabir débẹ̀."

Ìyá rẹ̀ gbá a létí. Lẹ́yìn náà ló wá sunkún.

Salman ní bó bá jẹ́ pé wọ́n á gbọ́, òun á sọ ọ́ fún gbogbo òbí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má baà jẹ́ ilé ẹnì kan ṣoṣo ni ìjà náà á dé bá. Èmi ò kọ́ ọ ní èyí.

Àtàláátà, 8 Agẹmọ

Mo ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Ìpàdé òbí nítorí Ẹ̀pẹ́" ni mo ń pè é. Bàbá Bámgbóṣé, alága àwọn onílé àdúgbò wa, wo ojú mi pẹ́. Ó ní, "Tíṣà, kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ nìkan." Mo ní kì í ṣe òun nìkan, sà. Ó ní òun á wá, òun á sì mú ìmáàmù àti pásítọ̀ dání.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń tẹ̀ lé mi láti ẹnu kẹ̀kẹ́ Márúwá títí dé ìta wa. Mo kí i. Ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Àlàádì, 13 Agẹmọ

A ti ṣe ìpàdé náà.

Gbọ̀ngàn kún. Tòkunbọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ní kí Salman bọ́ síwájú. Ó kí wọn, ó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, bíi pé ìdíje ló wà. Lẹ́yìn náà, ó dúró, ó wo ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti bàtà. Ó sọ ti etí ọ̀sà. Ó ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, kò pè é ní orúkọ míì. Ó dárúkọ Jẹ̀lílì. Nígbà tó dé orí àwọn ọmọ tí òun mú lọ, bàbá Kabir dìde, ó ń tú bẹ́líìtì ìdí rẹ̀.

"Ìwọ lo mú ọmọ mi lọ síbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú, sà."

Ọkùnrin náà ń bọ̀. Gbogbo ilé ti gba ariwo. Mi ò mọ ìgbà tí Mọ́fẹ́yìsára dìde. Ó kàn wà láàárín wọn, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá náà, ó wò ó lójú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Tẹ́ ẹ bá nà án, kò sẹ́ni tó máa sọ tiẹ̀ mọ́ nínú wa."

Bàbá tirẹ̀ wà lẹ́yìn, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú kan náà ló ń wò.

Bàbá Kabir tún bẹ́líìtì rẹ̀ dè. Ó gba àkókò. Kabir fúnra rẹ̀ wá dìde, ó ní òótọ́ ni. Ọmọ míì dìde. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí: àwọn bàbá á máa pín ara wọn sin àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, wọ́n á sì máa mú wọn bọ̀, Bàbá Bámgbóṣé á mú àwọn àgbà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, gbogbo wọn á lọ bá ìyá Jẹ̀lílì lójú ọ̀sán, kó má baà dà bí ìjà. Ọmọ kankan ò gbọdọ̀ dé etí ọ̀sà ní Jímọ̀ yẹn.

Bí a ṣe ń tú ká, ẹnì kan ní òun rí aṣọ funfun lẹ́yìn fèrèsé nígbà tí Salman ń sọ̀rọ̀.

Àtàláátà, 15 Agẹmọ

Nígbà tí gbogbo òbí ti mọ̀, Salman gbà láti lọ: òun àti Mujeeb ti dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn fúnra rẹ̀ ló wá mú wọn.

Láàárọ̀ yìí, àwọn kan kó àwọn àga gbọ̀ngàn wa síta, wọ́n dáná sun wọ́n. Èéfín ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn. Tòkunbọ̀ ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó ń da omi sí ohun tó kù. Kò dárúkọ pé ká ti ẹgbẹ́ pa mọ́. Ó ní, "Wọ́n lè jókòó sórí ẹní."

Jímọ̀, 25 Agẹmọ

Òní lọjọ́ tí àwọn Jẹ̀lílì dá fún àwọn ọmọ. Àwọn bàbá jókòó sí ìkóríta láti òwúrọ̀, wọ́n ń ta ayò. Gbogbo ọmọ wà nílé. Mo gbààwẹ̀.

Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé irú èyí náà lè ba èèyàn lẹ́rù.

Sátidé, 26 Agẹmọ

Ẹ̀pẹ́. Òjò ò rọ̀. Agnes bì sínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Kabir ló sì di orí rẹ̀ mú.

Salman wà níbẹ̀ ṣáájú wa, ó wọ bùbá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ. Mo ní ipò olórí ṣì wà fún un bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní rárá, òun fẹ́ jókòó gbọ́ ti àwọn ẹlòmíì. Mọ́fẹ́yìsára ló sọ̀rọ̀ fún wa. Orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wọn ni "Ta ni aṣáájú?" Ó gbàgbé ibì kan láàárín, ó dúró, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi," ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rántí. A gba ipò kẹta. Bàbá rẹ̀ pe fóònù mi kí wọ́n tó kéde rẹ̀ tán.

Mujeeb ti padà di ẹlẹ́nu wẹ́jẹ́wẹ́jẹ́. Ó sọ fún mi pé òun ti lè fi òòlù gbá ìṣó láì gbá ọwọ́.

Sátidé, 2 Ògún

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọ wà lórí ẹní. Òjò ń rọ̀ bí ẹni ń dà á láti inú garawa. Agnes ló kọ́kọ́ rí i, ó sì ké. Jẹ̀lílì dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ti wú. Àwọn ọmọ sún mọ́ ògiri.

Mo jáde lọ bá a, mo fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn mi. Kò dọ̀bálẹ̀. Mo rò pé egungun ìhà rẹ̀ ló ń dùn ún.

"Àǹtí, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Sọ ọ́."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró, mà. Wọ́n ní èmi ni mo jẹ́ kí àwọn ọmọ náà bọ́. Mi ò mọ ẹni tí mo tún lè bá sọ ọ́."

Mo wo ojú ọ̀nà, bóyá àwọn kan ló tẹ̀ lé e. Mo ń gbọ́ ẹkún Agnes nínú ilé. Mo rò ó pé bóyá ẹ̀tàn ni, pé bí mo bá jẹ́ kó wọlé, kí ni màá sọ fún àwọn òbí wọn. Gbogbo rẹ̀ ni mo rò pọ̀.

Mo ní, "Dúró dè mí lẹ́yìn ilé. Tí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, màá wá gbọ́ ẹ."

"Ṣé ó máa pẹ́, mà?"

"Kò ní pẹ́."

Ó ní ó dáa. Ó yí sẹ́yìn ilé.

Òjò ò jẹ́ kí àwọn òbí tètè dé. Bàbá Kabir ló dé gbẹ̀yìn. Nígbà tí mo fi lọ sẹ́yìn ilé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo pè é, mo tún pè é. Mo rìn dé títì.

Àtàláátà, 5 Ògún

Wọ́n rí òkú Jẹ̀lílì létí ọ̀sà láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti sin ín kí n tó gbọ́.

Àlàmísì, 7 Ògún

Mo lọ kí ìyá rẹ̀. Tòkunbọ̀ ní òun á bá mi lọ, mo ní kó má wulẹ̀ ṣèyọnu. Obìnrin tín-ín-rín kan ni, ó ń ta ọṣẹ àti kànìnkànìn lẹ́nu ilé. Àwọn àlejò ò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn níbẹ̀.

Ó mọ̀ mí. Ó ní, "Ẹ̀yin ni tíṣà rẹ̀."

"Èmi ni, mà. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á dárí jì í."

"Àmín." Ó to ọṣẹ tó wà níwájú rẹ̀. "Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé ó dé?"

"Ó dé, mà."

"Kí ló sọ?"

"Kò tíì sọ ọ́, mà. Mo ní kó dúró dè mí."

Ó gbójú sókè wò mí. Mo ti ń retí pé kó lé mi jáde, bí ó bá sì lé mi, màá lọ.

"Ṣé ó dúró?"

"Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, mà. Nígbà tí mo fi jáde, ó ti lọ."

Ọmọ kan wá ra ọṣẹ, ó tà á fún un. Lẹ́yìn náà, ó sún lórí ẹní, ó fọwọ́ gbá àyè tó ṣí sílẹ̀ pé kí n jókòó.

"Wọ́n ní ó máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ yín," ó wí. "Nígbà tó wà ní kékeré. Ọjà ni mo máa ń wà lọ́jọ́ Sátidé, mi ò lè wá wò ó rí. Báwo ló ṣe máa ń sọ ọ́?"

Mo jókòó. Mo sọ fún un.